Gé Ìbẹ́pẹ Lójú Wa Ká Tó Sanwó!

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lóṣù yìí kéré bí abẹ́rẹ́. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ lè kì í bọ àpò kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ẹ mú nǹkan dání. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ owó ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ya ọwọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìtọ́jú àìsàn tó ti ń fi sùúrù ṣe láti ọdún mẹ́jọ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní dákẹ́.

Ohun èlò ìdáná ni. Òun ni wọ́n fi ń sọ kárọ́ọ̀tì, kùkúńbà àti irú wọn di fọ́nrán gígùn bíi nuduu, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní Indomie, orúkọ yòówù kó wà lára páálí rẹ̀. Ó rí bí àrọ kékeré tí a fi ń rọ epo. Abẹ wà nínú rẹ̀. A ó ki ẹnu kárọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, a ó máa yí i bí ọmọ iléèwé ti ń gbẹ́ pẹ́ńsù, fọ́nrán yóò sì máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò gbọ́ orúkọ Yorùbá kankan fún un rí. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ ní ayíkárọ́ọ̀tì. Ẹ jẹ́ kí a máa lo orúkọ náà bẹ́ẹ̀.

Odòde, ní Ìdànrè níbí, ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Aṣọ ló ń tà. Àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ń bá a jà, ṣùgbọ́n obìnrin tó mọ ara rẹ̀ tọ́jú ni. Ní ọjọ́ kan tó ra aṣọ bọ̀ láti Àkúrẹ́, ọkùnrin kan dìde nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ mọ irú wọn. Bí mọ́tò bá ti kúrò ní gáréèjì báyìí, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ní ká ṣe àmín mẹ́ta, wọ́n á bú àwọn ọ̀tá wa nílé àti lóko, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá tú àpò. Lọ́jọ́ náà, kì í ṣe òògùn jẹ̀díjẹ̀dí ló yọ. Ayíkárọ́ọ̀tì ni.

"Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sinmi oògùn gbígbé mì! Ẹ sinmi iyán! Ẹ fi èyí gé kárọ́ọ̀tì, ẹ jẹ ẹ́ bíi nuduu fún ogójì ọjọ́ péré. Ṣúgà á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀!"

Ló bá fa kùkúńbà kan yọ, ó kì í bọ̀ ọ́, ó yí i. Fọ́nrán ń já bọ́ wọ̀ọ̀, ó gùn ju apá lọ. Gbogbo bọ́ọ̀sì ké "Háà!" Ẹ̀gbọ́n mi ka ẹgbẹ̀rún méje náírà, ó gbà á, inú rẹ̀ ń dùn wálé.

Ẹ dákun, ẹ fi ìka sí kùkúńbà yẹn, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀tàn náà wà.

Nígbà tó délé, kárọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Kárọ́ọ̀tì tí wọ́n ń kó wá fún wa láti ọ̀nà Jos, tó ti pẹ́ lọ́nà kó tó dé Ìdànrè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Inú ihò yẹn ló ń yí gbirigbiri, abẹ kò rí i mú. Ó wá lọ ká ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n lẹ́yìnkùlé. Ìyẹn tóbi ju ihò lọ, ó ní láti kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ kó lè gba ibẹ̀. Ìbẹ́pẹ bẹ́ẹ̀ sì le. Ike bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó ku ṣẹ́ńkú ìbẹ́pẹ náà, ó fi àtàǹpàkò tì í. Ìbẹ́pẹ yọ̀, àtàǹpàkò bọ́ sórí abẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ojú egbò yẹn fi là sílẹ̀. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, egbò kì í tètè jiná, kòkòrò àrùn a sì máa rí ibẹ̀ ṣe ilé. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ṣúgà ti fò sókè. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, ọkùnrin yẹn ní ká sinmi rẹ̀." Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló ti sinmi rẹ̀.

Ẹ ò rí i bí? Ohun tí wọ́n tà fún un pé yóò wò ó sàn ló dá egbò sí i lára, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á ni kò sì jẹ́ kí egbò náà jiná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ oògùn yìí lóhùn, kí n lè gbé e kúrò nílẹ̀. Kò sí ohun èlò ìdáná kankan tó lè wo àtọ̀gbẹ. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kò ju èyí lọ: nínú 100 gíráàmù iṣu sísè, ohun tí ara ń sọ di ṣúgà tó nǹkan bíi 27 gíráàmù, nínú 100 gíráàmù kárọ́ọ̀tì kò ju nǹkan bíi 10 lọ, ti kùkúńbà kò sì ju bíi 4. Ẹni tó bá dín iyán kù, tó fi irú nǹkan wọ̀nyí dí àlàfo rẹ̀, ó ń ran oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń ràn án lọ́wọ́ ni mo wí o, n kò ní ó gba ipò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ dídínkù nìkan ń wo àtọ̀gbẹ ni, àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ebi tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ìbá ti wò wọ́n sàn. Wọn kò wò wọ́n sàn. Àwọn ọmọdé rù kan eegun, wọ́n sì kú. Ìgbà tí wọ́n gún ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ insulin nílùú Toronto ní Kánádà, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1922, ni ọ̀nà àbáyọ tó ṣí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ jù oògùn nù nítorí ike ẹgbẹ̀rún méje, ọ̀tá yín ni, bó ti wù kó gbàdúrà tó.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dá gbogbo ẹ̀bi ru ọkùnrin inú bọ́ọ̀sì, mo purọ́. Àwa tí a ń rà ńkọ́?

Ìlú kòkó ni Ìdànrè. Ẹ bá àgbẹ̀ wa kan lọ sí ọjà níbi tó ti fẹ́ ra àdá. Yóò fi ìka ta á, yóò gbọ́ bó ti ń dún. Yóò wo ibi tí irin wọ inú èèkù. Yóò gbé e sókè, yóò fì í, yóò mọ̀ bóyá ó wúwo jù tàbí ó fúyẹ́ jù fún apá òun. Bó bá sì jẹ́ dòjé tí yóò so mọ́ ọ̀pá gígùn láti fi já kòkó ni, yóò wo ọrùn rẹ̀ dáadáa kó má baà ṣẹ́ sókè igi. Kò sẹ́ni tó lè fi àdúrà mẹ́ta ta àdá fún un. Àgbẹ̀ kan náà yóò délé, ìyàwó rẹ̀ yóò sì ti ra ohun mímú tó ń sún mọ́ ìka ju àdá lọ, nítorí pé àwòrán ara páálí rẹ̀ dára, tàbí nítorí pé ó rí i tí obìnrin kan ń fi rẹ́rìn-ín nínú fóònù. Kí ló dé? Ṣé irin oko nìkan ló yẹ ká yẹ̀ wò ni? Ṣé ìka obìnrin kì í ṣe ìka?

Orí òkè ni àwọn baba ńlá wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn rí, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń ru ẹrù gba irú ibẹ̀ kò ní ru ohun tí kò wúlò. Ohun tó bá dé orí wọn, wọ́n ti rò ó wò. Àwa tí mọ́tò ń bá kó ẹrù kò rò ó mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rò ó nígbà náà. Àwọn tó ṣe ayíkárọ́ọ̀tì, oko tiwọn ni wọ́n wò kí wọ́n tó gbẹ́ ihò rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn kan wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n ń pè ní courgette. Ọmọ ìyá elégédé ni, ó sì jọ kùkúńbà. Ó gùn, ó rọ̀, ó tọ́ gbọnrangandan, ihò náà sì bá a mu rẹ́gí. Kò sí i nínú ọjà Ìdànrè. Ìbẹ́pẹ ló wà, kárọ́ọ̀tì tínínrín ló wà, elégédé àti ọ̀dùnkún ló wà. Ẹni tó fi kùkúńbà dán ohun èlò wò lójú wa mọ ohun tó ń ṣe: ohun tó jọ ti òyìnbó jù lọ nínú ọjà wa ló mú. Bó bá dá ara rẹ̀ lójú, kó gé ìbẹ́pẹ!

Àwọn kan yóò wá sọ pé, "Kí la ń gé ìbẹ́pẹ sí fọ́nrán ṣe ná? Ìyà ni!" Èyin tí ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ rọra. Àwọn ará Thailand ń gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sí fọ́nrán wẹ́wẹ́, wọ́n ń gún un pẹ̀lú ata, wọ́n ń pè é ní som tam, gbogbo ayé ló sì mọ oúnjẹ náà. Nílẹ̀ Oǹdó àti Èkìtì níbí, àwọn ìyá wa ti ń rin ìbẹ́pẹ sínú ọbẹ̀ kí a tó bí wa. Ìbẹ́pẹ kì í ṣe ìyà. Ó ń so lẹ́yìnkùlé wa lọ́fẹ̀ẹ́, à ń wò ó títí ẹyẹ fi ń jẹ ẹ́ tán, a sì ń wá kárọ́ọ̀tì tó ti rọ kiri.

Àwọn mìíràn ní ọ̀bẹ tó, kò sí ohun tí a ń wá lẹ́yìn ọ̀bẹ. Ọ̀rọ̀ tiwọn ní ìtumọ̀ díẹ̀. Ìyá mi lè fi ọ̀bẹ lásán rẹ́ ilá kó dà bí ẹni pé wọ́n rin ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà a máa ro. Ẹni tí oríkèé ìka rẹ̀ ń dùn, tó fẹ́ gé ohun líle sí fọ́nrán tín-ín-rín tí gbogbo rẹ̀ yóò jinná lẹ́ẹ̀kan náà, ohun èlò tó yẹ lè gbà á lọ́wọ́ wàhálà. Kò sì nílò iná NEPA. N kò bá ohun èlò jà rárá o. Ohun èlò tí kò bá ọwọ́ wa mu, tí kò sì bá oko wa mu, ni mo ń bá jà.

Èwo wá ni ká rà? Mẹ́ta ni mo ti fi ọwọ́ ara mi lò.

Èkínní ni ayíkárọ́ọ̀tì yìí. Bí ẹ bá ń jẹ kùkúńbà lójoojúmọ́, ẹ rà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tí kò bá nípọn tó ihò rẹ̀ kò ní gé, ohun tó bá tóbi jù ú lọ kò ní wọlé, ṣẹ́ńkú rẹ̀ kò sì ṣeé gé láìsí ewu. Bí ẹ bá máa rà á ṣá, ẹ rí i dájú pé ìdérí eléyín kékeré wà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí a ń gún mọ́ ìdí kárọ́ọ̀tì kí ọwọ́ má baà dé ibi abẹ. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò ní.

Èkejì ni páànù oníhò tí a fi ń rin ilá àti ewùrà. A mọ̀ ọ́n, a bá a dàgbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó lọ nǹkan kúnná. Ó dára fún ọ̀jọ̀jọ̀, ó dára fún ìkọ́kọrẹ́, kò lè ṣe fọ́nrán. Bí a bá sì ń sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà nílé wa ló yẹ ká jù nù. Agolo àtijọ́ tí wọ́n fi ìṣó lu ni. Ó ti dípẹtà, a ṣì ń rin ilá lójú rẹ̀, ìpẹtà àti ilá a sì jọ wọnú ìkòkò. Ẹ má fi ìfẹ́ àṣà jẹ ìpẹtà.

Ẹ̀kẹta ni mo fara mọ́. Ọ̀bẹ eléyín ni mo ń pè é. Ó jọ ọ̀bẹ kékeré tí a fi ń bó ànàmọ́, tí abẹ rẹ̀ dábùú láàárín apá méjì, àfi pé abẹ tirẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bí ìyàrun. Bí ẹ bá ti ń fà á lójú ìbẹ́pẹ ni fọ́nrán ń jáde. Kò ní ihò, nítorí náà kò bìkítà bóyá nǹkan tóbi tàbí ó kéré. Ó gé ìbẹ́pẹ, ó gé kárọ́ọ̀tì, ó gé elégédé. Kò ní ibi kọ́lọ́fín tí ìdọ̀tí lè sá sí. Níbi tí mo ti ra tèmi, owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó ayíkárọ́ọ̀tì. Fọ́nrán rẹ̀ kò gùn bí èyí tó ń mú inú bọ́ọ̀sì ké "Háà," òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi gígùn fọ́nrán yó?

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣe é bí àgbẹ̀ ti ń ra àdá. Ẹ dì í mú bí ẹni tó fẹ́ lò ó. Bí èèkù rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, yóò yọ̀ nígbà tí ọwọ́ bá tutù. Ẹ fi ìka mi ibi tí abẹ wọ inú èèkù, kì í ṣe ojú abẹ o. Bó bá ń mì nínú ọjà, yóò yọ nínú ilé. Abẹ rẹ̀ lè yí díẹ̀ síwá sẹ́yìn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ bi wọ́n bóyá irin tí kì í dípẹtà ni. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó yọ owó, ẹ mú ìbẹ́pẹ tàbí kárọ́ọ̀tì tiyín dání, kí ẹ ní, "Ẹ gbà, ẹ gé e fún mi." Ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kò ní bínú. Ẹni tó bá bínú, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó kò nira. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ ha ìbẹ́pẹ náà lára gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí oje funfun rẹ̀ ṣàn dànù, nítorí ó ń yún ọwọ́. Oje yìí náà ló ń jẹ́ kí ẹran líle rọ̀ nígbà tí a bá fi ìbẹ́pẹ sè é. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bó o, ẹ là á sí méjì, ẹ kó hóró inú rẹ̀ dànù. Ẹ dà á dé orí pákó, kó má baà máa yí. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún apá ìdí rẹ̀ mú, kí ọwọ́ kejì máa fa ọ̀bẹ lọ síwájú, kó má ṣe fà á bọ̀ wá sí ara. Bó bá ku díẹ̀, ẹ dúró. Ṣẹ́ńkú tó kù kì í ṣe òfò, ẹ rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀. Ìka yín wọ́n ju ṣẹ́ńkú ìbẹ́pẹ lọ.

Ẹ bu iyọ̀ díẹ̀ sí fọ́nrán náà, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ ṣàn án, kí ẹ wá bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀kọ lẹ ó jẹ. Ẹ fi ata díndín, ẹja gbígbẹ àti ẹ̀fọ́ sí i. Kí aláboyún fi ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sílẹ̀ o, kó lo kárọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá gé e tán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ̀bẹ náà lójú ẹsẹ̀ kí nǹkan tó gbẹ mọ́ eyín rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, "Ìjọba ńkọ́?" Òfin wà. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní a lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára, tí kò ní ṣeni léṣe, tí yóò sì lè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á. Àjọ tó ń rí sí ìwọ̀n àti bí ọjà ṣe dára sí, ìyẹn SON, ti wà láti ọdún 1971. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ bọ́ọ̀sì Ìdànrè. Kí ẹ tó rántí rẹ̀, ọkùnrin yẹn ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ti wọ mọ́tò mìíràn padà sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú kùkúńbà tuntun. Ojú yín àti ẹnu yín ni òfin tó wà pẹ̀lú yín nínú bọ́ọ̀sì.

Egbò ẹ̀gbọ́n mi ti jiná. Ó ti padà sí oògùn rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀bẹ eléyín gé ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn ó tún bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pàdé nínú bọ́ọ̀sì. Bí ìyẹn ti fa kùkúńbà yọ báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sínú agbọ̀n tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé ìbẹ́pẹ tútù kan sókè. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ bá wa gé èyí."

Ọkùnrin náà wo ìbẹ́pẹ, ó wo àpá tó wà ní àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ohun tí òun ń tà kò wà fún ìbẹ́pẹ. Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó rà á.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá tún gbọ́ "Háà!" nínú mọ́tò, nínú ọjà tàbí nínú fóònù, ẹ má tíì yọ owó. Ẹ ní kí wọ́n gé ìbẹ́pẹ.